Ahọ́n Ènìyàn: Bí Baker Boy Ṣe Gbé Èdè Yolngu Dé Orí Ìtàgé Sydney

Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2018, ọ̀pọ̀ ilé ní Ọsirélíà ló ṣí rédíò sílẹ̀ láti ọ̀sán di alẹ́. Triple j, ilé rédíò ìjọba tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́, ń ka ọgọ́rùn-ún orin tí àwọn olùgbọ́ dìbò fún jù lọ ní ọdún 2017. Ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 2 ni wọ́n gbà. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, láti ipò 100, wọn á sì máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kan ipò 17, ohùn kan jáde tó ń fi ọ̀rọ̀ ta bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, èdè tó sì ń sọ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá ti ṣe díẹ̀, á bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, á tún padà sílé. Marryuna ni orin náà ń jẹ́. Yolngu Matha ni èdè náà, èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ní òkè àríwá Ọsirélíà. Danzal Baker, ọmọ ọdún 21, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Baker Boy, ló kọ ọ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dìbò fún orin yẹn kò lè túmọ̀ ìlà méjì nínú apá tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dìbò fún un bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá kí n tó wá ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ka ìbò náà gan-an ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń kà á ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní, ọjọ́ ìsinmi orílẹ̀-èdè, tí wọ́n fi ń rántí bí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe gúnlẹ̀ sí Sydney ní ọdún 1788. Àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn tí bàbá ńlá wọn ti wà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ọkọ̀ náà tó dé, kì í ṣe àjọyọ̀ ní ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ tí àlejò wá gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Ní ọdún tó ṣáájú, àwọn ọ̀dọ́ kan náà yìí ti dìbò gbé orin A.B. Original, ẹgbẹ́ hip-hop àwọn ọmọ onílẹ̀, dé ipò 16, orúkọ orin náà sì ni January 26, ọjọ́ tí wọ́n ń bá jà gan-an. Nígbà tó di ti 2018, ilé rédíò náà gbé ìkà ìbò kúrò ní ọjọ́ 26 fún ìgbà àkọ́kọ́ nítorí ohun tí ọjọ́ náà jẹ́ lójú àwọn ọmọ onílẹ̀. Inú kíkà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àyípadà yẹn ni Baker Boy, ọmọ Arnhem Land, ti gba ipò 17.

Ìdí tí mo fi fẹ́ tọ ipasẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni ìmọ̀ràn kan tí wọ́n máa ń fún olórin tó bá ti ìgbèríko wá, ní ibi gbogbo láyé: fi èdè rẹ sílẹ̀ sílé, ayé á gbọ́ ọ. Mo gbà pé ìtàn Baker Boy fi hàn pé ìmọ̀ràn náà kò tọ̀nà. Ó sì tún fi ohun kejì hàn, èyí tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́: èdè kì í ti ara rẹ̀ dé orí ìtàgé, àwọn kan ní láti jà kó tó wà láàyè, àwọn kan sì ní láti la ọ̀nà fún un.

Darwin ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1996, ṣùgbọ́n Milingimbi àti Maningrida ló tọ́ ọ dàgbà. Inú Arnhem Land ni méjèèjì wà, ilẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ní òkè àríwá Ọsirélíà tó jẹ́ ti àwọn ọmọ onílẹ̀, tí àlejò kò lè wọ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Erékùṣù ni Milingimbi. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ibùdó sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1923, bọ́ǹbù àwọn ará Japan sì bà á ní 1943 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Maningrida wà lórí ilẹ̀, létí ẹnu odò Liverpool. Ìjọba ló dá a sílẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn ìdílé láti agbègbè oríṣiríṣi sì kóra jọ síbẹ̀ pẹ̀lú èdè wọn. Títí di òní, èdè bíi méjìlá ló wà nínú ìlú tí kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan ènìyàn lọ. Ọmọdé ibẹ̀ lè gbọ́ ti ìyá, kó gbọ́ ti bàbá, kó sì ti ibi eré gbé ẹ̀kẹta wálé. Bí ìgbà òjò bá dé, omi á gé ojú ọ̀nà, ọkọ̀ òfuurufú kékeré àti ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù ló kù tí wọ́n á fi máa kó oúnjẹ àti epo wọlé.

Ní ibi báyìí, a lè rò pé ọmọ tó bá fẹ́ di olórin ti pàdánù kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí a dúró díẹ̀ lórí èdè náà. Yolngu túmọ̀ sí ènìyàn. Matha túmọ̀ sí ahọ́n. Ahọ́n ènìyàn ni Yolngu Matha, orúkọ kan ṣoṣo fún ọ̀wọ́ èdè tó bá ara wọn tan, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀ nínú wọn: Djambarrpuyngu, Gupapuyngu, Gumatj, àti àwọn mìíràn. Nígbà tí òyìnbó dé ní 1788, èdè tó lé ní 250 ni wọ́n ń sọ ní Ọsirélíà. Ìròyìn tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 2020 ka 123 tí wọ́n ṣì ń sọ, nínú ìwọ̀nyí sì ni 12 péré wà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì múlẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń gbọ́ láti inú ilé. Yolngu Matha wà nínú àwọn 12 yẹn.

Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Ní apá gúúsù, wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n kó ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá, wọ́n nà wọ́n nítorí pé wọ́n sọ èdè wọn. Òyìnbó pẹ́ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Arnhem Land, àwọn kan nínú àwọn oníwàásù tó lọ síbẹ̀ sì jókòó kọ́ èdè náà. Beulah Lowe, olùkọ́ tó dé Milingimbi ní 1951, ló kọ gírámà Gupapuyngu, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n gùn lé nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbà ní ìparí 1972 pé kí wọ́n máa fi èdè àbínibí kọ́ ọmọ ní àwọn ilé-ìwé Northern Territory, agbègbè ìjọba tí Arnhem Land wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó kó Gẹ̀ẹ́sì bò ó. Milingimbi wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ gba ètò náà mọ́ra. Àwọn àgbàlagbà kọ ìwé ìtàn fún ọmọdé, ilé ìtẹ̀wé kékeré wà ní ilé-ìwé, olùkọ́ Yolngu àti olùkọ́ òyìnbó sì jọ ń dúró níwájú kíláàsì kan náà.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2008, oṣù tí Danzal pé ọmọ ọdún 12, ìjọba Northern Territory kéde pé wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wákàtí mẹ́rin àárọ̀ nìyẹn, ìgbà tí orí ọmọ ṣì tutù. Ọ̀sán tó kù, nígbà tí oòrùn ti mú, tí oorun sì ń kùn wọ́n, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ahọ́n ìyá wọn. Àwọn olùkọ́ Yolngu kọ̀wé, wọ́n ṣàròyé, àwọn kan nínú wọn sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. N kò lè ka ìpinnu yẹn láìbínú. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ agbègbè náà fi èdè kan náà mú gbogbo orílẹ̀-èdè jó.

Ijó gan-an ló sì kọ́kọ́ mọ̀, kì í ṣe orin. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: bàbá rẹ̀ àti arákùnrin bàbá rẹ̀ ti jó hip-hop ṣáájú rẹ̀, Baker Boys ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Ọmọ náà wò wọ́n títí ó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di olórin, ó mú orúkọ náà láti fi bọ̀wọ̀ fún wọn, ó yọ lẹ́tà ìparí kúrò, ó di Baker Boy. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtàgé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Brisbane, ó sì bá Djuki Mala jó, ẹgbẹ́ oníjó láti Elcho Island tí gbogbo ayé kọ́kọ́ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2007, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin Yolngu kun ara, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tiwọn jó orin àwọn ará Gíríìsì. Lẹ́yìn náà ló dara pọ̀ mọ́ àjọ kan tó ń lọ láti abúlé dé abúlé, tó ń fi hip-hop bá àwọn ọmọdé ṣeré, tó sì ń kọ́ wọn láti kọ orin nípa ìgbé ayé wọn.

Mo rò pé ibẹ̀ ni Marryuna ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń sọ láàárín ara wọn: shame. Ìtìjú ni, ṣùgbọ́n ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí olùkọ́ bá ní kí ọmọ kan dìde kó dáhùn, kí gbogbo ojú sì yí sí i, shame ni. Bí ẹnìkan bá yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀, kódà tó bá jẹ́ pé wọ́n ń yìn ín ni, shame ni. Ẹni tó bá ti bá àwọn ọmọdé abúlé wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ á ti rí i: wọ́n á fi ọwọ́ bo ojú, wọ́n á sá sẹ́yìn ara wọn, ẹsẹ̀ wọn á sì ti máa gba ìlù nísàlẹ̀. Baker Boy túmọ̀ Marryuna sí jíjó láìtijú. Gbogbo ẹrù orin náà wà nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn. Àwọn ọmọ tí ìtìjú mú ní abúlé ló ń kọ ọ́ sí, ní èdè tí kò sí shame fún wọn nínú rẹ̀, àwa yòókù sì gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri.

Ọdún 2017 ni ilẹ̀kùn ṣí. Triple j ní ètò kan tó ń jẹ́ Unearthed, tó ti wà láti 1995. Olórin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ á fúnra rẹ̀ gbé orin rẹ̀ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ rédíò á gbọ́, èyí tó bá wù wọ́n, wọn á lù ú fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Lọ́dọọdún ni wọ́n tún ń yan ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ láti wá kọrin níbi ìpàdé àmì-ẹ̀yẹ orin àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Darwin. Baker Boy gbé Cloud 9 síbẹ̀, orin tó bá Kian ṣe, ọmọdékùnrin kan tó ṣì wà ní ilé-ìwé girama ní Victoria nígbà náà. Òun ni wọ́n yàn.

Oṣù kẹjọ ni ìpàdé náà. Ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ ní Darwin kó tó di ọjọ́ náà: ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2017, Gurrumul, olórin Yolngu, kú ní ilé ìwòsàn ìlú náà, ọmọ ọdún 46. A kò lè sọ ìtàn Baker Boy kí a fò ó. Gurrumul jẹ́ ọmọ Galiwin'ku ní Elcho Island, wọ́n bí i ní afọ́jú, ọwọ́ òsì ló sì fi ń ta gìtá tí wọ́n so okùn rẹ̀ fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, tó yí i sódì. Àwo orin tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè, tó jáde ní 2008, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní Gẹ̀ẹ́sì nínú. Orin ìdílé rẹ̀ ni, orin ẹyẹ, orin òkun, orin àwọn baba ńlá, lórí gìtá rírọ̀. Ó wọ ilé àwọn òyìnbó tí kò tíì rí Arnhem Land rí, wọ́n sì sunkún. Mo fẹ́ kí a wo ọdún yẹn dáadáa: ọdún 2008 ni, ọdún tí ìjọba ní wákàtí mẹ́rin Gẹ̀ẹ́sì. Àwo tó ń ṣe lọ́wọ́ kó tó kú, Djarimirri, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ó sì di àwo orin àkọ́kọ́ ní èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ tó gba ipò kìíní ní Ọsirélíà.

Ṣáájú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin Yothu Yindi, tí Gurrumul fúnra rẹ̀ bá ṣeré nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Mandawuy Yunupingu tó ń darí ẹgbẹ́ náà kì í ṣe olórin nìkan. Ó di ọ̀gá ilé-ìwé Yirrkala, ìlú Yolngu kan ní Arnhem Land, ní 1990, ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Northern Territory, ó sì jà fún ẹ̀kọ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ti Yolngu àti ti òyìnbó. Ní 1991 ni orin wọn, Treaty, wọ gbogbo ilé ijó orílẹ̀-èdè náà, Yolngu Matha àti Gẹ̀ẹ́sì papọ̀. Olórí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, Bob Hawke, ti ṣèlérí ní Barunga ní 1988 pé àdéhùn á wà láàárín ìjọba àti àwọn ọmọ onílẹ̀. Ìlérí náà kò ṣẹ títí di òní. Orin náà ló kù.

Ẹni tó bá Baker Boy kọ Marryuna ni Yirrmal, ohùn gíga tó ń ké bí ẹni tó dúró létí òkun. Ọmọ Witiyana Marika ni Yirrmal, Witiyana sì wà lára àwọn tó dá Yothu Yindi sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí orílẹ̀-èdè gbọ́ ní ipò 17 yẹn kì í ṣe ẹni kan tó ṣàdéédéé yọ. Ọmọ àwọn oníjó ni, ọmọ olórin sì ń gbè é.

Ní ti bí orin náà ṣe rí, mo ní èrò kan tí n kò ní fi pamọ́. Àwọn ènìyàn máa ń yìn ín pé ó fi èdè Yolngu "kún" hip-hop, bí ẹni ń fi ata kún ọbẹ̀. Èmi rò pé òdìkejì rẹ̀ ni. Nínú Yolngu Matha, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni agbára ohùn máa ń bọ́ sí. Ráàpù sì ń wá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lórí ìlù. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti gbé ẹsẹ̀ sókè fún un kó tó dé. Kò sí ìró s, kò sí f, kò sí z nínú èdè náà, kò sí ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn lẹ́nu. Ìró tó dì mú, tó sì tú sílẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn ng tí ń dún láti inú imú, àti àwọn d àti n tí ahọ́n ká sẹ́yìn pè. Bí wọ́n bá tò wọ́n pọ̀ kíákíá, ìlù ni wọ́n. Àti yidaki, fèrè gígùn tí òyìnbó ń pè ní didgeridoo, igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, tí ọkùnrin ń fọn láìdánudúró nítorí pé imú ń fa èémí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń tì í jáde: Baker Boy fúnra rẹ̀ ló ń fọn ún lórí ìtàgé. Ilẹ̀ yẹn ni ohun èlò náà ti wá. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ tí báàsì ń ṣe kí báàsì tó dé ayé.

Ní ọdún 2020, ó gbé orin kan jáde tó pè ní Meditjin. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí oògùn ni, bí ẹnu Yolngu ṣe ń pè é: s kò sí, tj ló dúró sí ipò rẹ̀. Àwa Yorùbá mọ irú iṣẹ́ yìí. V kò sí lẹ́nu wa, a mú video, a sọ ọ́ di fídíò, a sì ń lò ó lọ láìbi ẹnikẹ́ni. Ọmọ Arnhem Land tí olùkọ́ ti máa ń bá wí nílé-ìwé pé kò pe ọ̀rọ̀ dáadáa lè wá gbọ́ "àṣìpè" rẹ̀ lórí rédíò ìjọba gẹ́gẹ́ bí orúkọ orin, pẹ̀lú fèrè àti ìlù lẹ́yìn rẹ̀. Orin ni oògùn, ni ohun tó ń sọ níbẹ̀, kí orin wo ara àti ọkàn sàn.

Àwọn ohun tó tẹ̀lé 2017 yára, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ní 2018 ó ṣí ìtàgé fún 50 Cent káàkiri Ọsirélíà, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ olórin ọdún ní Darwin, níbi tó ti wá gẹ́gẹ́ bí àlejò ní ọdún tó ṣáájú. Ní oṣù kìíní 2019, ìjọba yàn án gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ Ọsirélíà fún ọdún náà. Ó ń lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, ó ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀.

Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí a dá dúró sí. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2021 ló jáde, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 25, ó sì pè é ní Gela. Orúkọ rẹ̀ ni. Lára àwọn Yolngu, yàtọ̀ sí orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ, ó tún ní orúkọ kan tó ń sọ ibi tó wà nínú àwùjọ ìbátan: bí àlejò bá ti gbọ́ ọ, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ìyá ni yóò máa pe ẹni náà, tàbí àbúrò, tàbí àna, ó mọ ẹni tó lè fẹ́ àti ẹni tó gbọ́dọ̀ yẹra fún. Kò jọ oríkì, nítorí kì í yin ènìyàn. Ó ń fi ènìyàn sí àyè rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Olórin ráàpù tó fẹ́ pariwo orúkọ ara rẹ̀ wọ́pọ̀. Èyí tó jẹ́ pé orúkọ tó pariwo so ó mọ́ gbogbo ìdílé ni n kò rí púpọ̀. Ohùn àgbà ní èdè Yolngu ló ṣí àwo náà, ó kéde ìrìn àjò kó tó bẹ̀rẹ̀, bí ó ti yẹ.

Orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Survive. Jack Charles sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, òṣèré tí gbogbo ọmọ onílẹ̀ ń pè ní Uncle Jack. Wọ́n kì í pe àgbàlagbà ní orúkọ lásán lọ́dọ̀ wọn, Uncle tàbí Aunty ló ń ṣáájú, kódà bí wọn kò bá bára tan, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kò ṣe ní pe ẹni tó jù wá lọ láìfi bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n síwájú. Ọdún 1943 ni wọ́n bí Uncle Jack ní Victoria, ní gúúsù. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ìjọba gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, inú ilé àwọn ọmọkùnrin aláìlóbìí ló dàgbà sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ fún un pé ọmọ onílẹ̀ ni. Wọ́n ti gba ahọ́n rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ní in. Ó ti fi ẹ̀wọ̀n ṣe ilé, ó ti lo oògùn olóró, ó sì tún dìde di àgbà òṣèré. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ̀rọ̀ nínú orin ọmọ Milingimbi yẹn, nítorí òun nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ọmọ tí wọn kò gba ahọ́n rẹ̀ àti àgbà tí wọ́n gba tirẹ̀ dúró nínú orin kan ṣoṣo. Ìgbà gbogbo tí mo bá gbọ́ ọ, ibẹ̀ ni mo máa ń dákẹ́ sí.

Uncle Jack kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ orin Ọsirélíà pé jọ sí Hordern Pavilion ní Sydney fún àmì-ẹ̀yẹ ARIA. Márùn-ún ló bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gela: àwo orin tó dára jù ní ọdún náà, olórin adákọ tó dára jù, hip-hop tó dára jù, àti méjì fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá a ṣe é, títí kan ayàwòrán Adnate tó ya ojú Baker Boy sí ara àwo náà. Kò tíì sí ọmọ onílẹ̀ tó ń kọ ráàpù tó gba àmì-ẹ̀yẹ àwo orin ọdún ṣáájú rẹ̀. Ìlú tó ti gbà á ni Sydney, etí omi tí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ ní 1788, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń pa èdè àwọn onílẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Inú mi dùn sí àmì-ẹ̀yẹ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n pa ojú dé. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n bi gbogbo Ọsirélíà bóyá kí òfin orílẹ̀-èdè fún àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ẹnu níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nínú ìbò mẹ́wàá, bíi mẹ́fà ló sọ pé rárá. Àwọn ènìyàn lè fẹ́ràn ohùn kan lórí rédíò kí wọ́n sì kọ̀ láti gbọ́ ọ nílé ìgbìmọ̀. Àti pé àmì-ẹ̀yẹ Sydney kò san owó oṣù olùkọ́ Yolngu kan ní Milingimbi, kò tẹ ìwé Djambarrpuyngu kan fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Èdè mọ́kànlá tó kù pẹ̀lú Yolngu Matha nínú àwọn 12 yẹn, ilé àti ilé-ìwé ni wọn yóò ti yè. Bí Beulah Lowe kò bá kọ gírámà, bí àwọn olùkọ́ Yirrkala kò bá takú, bí bàbá Danzal kò bá jó lójú ọmọ rẹ̀, kò ní sí ohun tí Unearthed yóò hú jáde.

Mo máa ń to àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Orin tó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún un, Cloud 9, Gẹ̀ẹ́sì ni. Èyí tó tẹ̀lé e, Marryuna. Ó tún kọ orin púpọ̀ tó ní àkọlé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àwo odindi, ohun tó fẹ́ kí wọ́n fi dá òun mọ̀, Gela ló pè é. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó gbé àwo kejì jáde. Djandjay ni orúkọ rẹ̀, gbogbo olóòtú rédíò ní Ọsirélíà tó bá sì fẹ́ lu orin rẹ̀ ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é.